Kórìíra: Ọ̀rọ̀ Tó Wúwo Ju Bí A Ṣe Ń Lò Ó Lọ

Ìbéèrè kan wọlé sí mi láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí mo kọ́ rí, tó ń ka ìròyìn lórí rédíò báyìí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ní ọ́fíìsì wa, bí olóṣèlú kan bá ti bú ẹnìkejì rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ìkórìíra la máa ń pè é. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, sà?"

Mo fẹ́ dáhùn ní gbangba, torí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilé iṣẹ́ rédíò nìkan. Ó kan bí òbí ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó kan òfin ìlú, ó sì kan àdúgbò bíi Okokomaiko tí mò ń gbé yìí, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ti ń pín ògiri kan náà lò. Ìdáhùn mi ní ṣókí nìyí: ìkórìíra kì í ṣe ìbínú tó pọ̀ jù. Nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, tí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú kórìíra: kó àti ìríra. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó tẹ́tí sí bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu: "Ó kó mi ní ìríra." Níbẹ̀, kó dá dúró, ìríra dá dúró, ẹni tí wọn kò fẹ́ rí sì wà láàárín wọn.

Gírámà náà ń jẹ́rìí. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá jẹ́ sílébù kan, tí a sì fẹ́ tọ́ka sí ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀, fáwẹ́lì kan péré là ń fi kún un: mo rí i, mo lù ú, mo pè é. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tó ń sọ pé "mo kórìíra a". Mo kórìíra rẹ̀ la máa ń sọ. Rẹ̀ yẹn náà ló wà nínú owó rẹ̀, ilé rẹ̀, ọmọ rẹ̀. Òfin yìí kan ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe tó gùn ju sílébù kan lọ, bíi mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ orúkọ tí a so pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mo kórìíra Òjó" ń sọ pé òun ti kó ìríra Òjó. Ìríra ọ̀hún ti di ti Òjó, bí fìlà rẹ̀ ṣe jẹ́ tirẹ̀.

Kí wá ni ìríra? Ohun tó ń rí ni lára ni. Bí ènìyàn bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó sì rí ìdin nínú rẹ̀, tàbí tí òkú eku bá ń rùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ á sún kì, itọ́ á pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, èébì á fẹ́ gbé e. Á ní, "Ó ń rí mi lára." Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò yẹ kó dé iwájú Ọlọ́run rárá, "ohun ìríra" sì ni wọ́n mú.

Ẹ kíyè sí i pé ara ni ìríra ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbínú, inú ló ń bí. Ìríra kì í dúró de inú. Ojú á rí i, imú á gbọ́ ọ, awọ ara á dáhùn, ká tó ronú rárá. Kò sì sí ẹni tó ń bá ìdin ṣe àlàyé. Ẹni tó rí ìdin á da ọbẹ̀ nù ni.

Kó wá ńkọ́? À ń kó ẹrù, à ń kó ìdọ̀tí, à ń kó owó. À tún ń kó àrùn. Ẹni tó kó àrùn, wọn kò bí i mọ́ ọn, ara ẹlòmíràn ló ti kó o. Èrò tèmi ni pé kó inú kórìíra ní ìtumọ̀ méjèèjì lára: ènìyàn ń kó ìríra jọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kó o lára àwọn tó yí i ká. Mi ò tíì rí ọmọ ọdún méjì tó kórìíra ẹ̀yà kankan.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́

Yorùbá kò tálákà ọ̀rọ̀ rárá lórí kéèyàn má fẹ́ nǹkan. Ìṣòro wa ni pé a ti ń gbàgbé àwọn tó kù, a wá di gbogbo ẹrù lé kórìíra lórí. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n.

"N kò fẹ́ràn rẹ̀" ń sọ pé ìfẹ́ kò sí níbẹ̀, ó tán. Kò sọ pé nǹkan mìíràn ti gba àyè ìfẹ́.

"Ó sú mi" jẹ́ ti ohun tí a ti fara dà títí tó rẹ̀ wá. Ìyàwó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ òun ti sú òun, kó sì tún se ọbẹ̀ alẹ́ fún un.

"Inú bí mi sí i" ní ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó lẹ́yìn. Bí ẹ bá bi oníbìínú pé kí ló ṣe ọ́, á rí nǹkan sọ.

"Ó ń bá mi yan odì" jẹ́ ti ìdákẹ́. Kì í kí mi, n kì í kí i, àwa méjèèjì sì ń retí kí àgbà kan bá wa dá sí i.

"Kèéta" ni èyí tí ènìyàn tọ́jú sínú, tó ń retí ọjọ́ tí yóò gbẹ̀san. Àwọn Hausa náà ń sọ ƙeta, ìtumọ̀ tiwọn kò sì jìnnà sí tiwa.

"Ìlara" máa ń ba ènìyàn jẹ́, ṣùgbọ́n onílara fẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìlara sí. Ohun tó bá ń rí ni lára, ta ni yóò fẹ́ kó jẹ́ tòun?

"Ẹ̀tanú" ni kí á ti dá ẹjọ́ kí á tó gbọ́ ọ. Ó súnmọ́ ìkórìíra gan-an. Àbúrò rẹ̀ ni mo máa ń pè é ní kíláàsì.

"Èèwọ̀" yàtọ̀ pátápátá. Ìdílé tí kì í jẹ ẹran kan lè máa bọ̀wọ̀ fún ẹranko yẹn. Òfin ló dá wọn dúró, ara wọn kò bù.

Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ìkórìíra gan-an la ń wò? Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń dán an wò. Ẹni tó bínú sí mi, mo lè dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹni tó ń bá mi yan odì, ẹlòmíràn lè bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo àṣà ìlàjà wa, láti orí baálé ilé títí dé ààfin, dúró lórí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí a lè dárúkọ, tí a sì lè tọrọ àforíjì lé lórí. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ní ahọ́n àti eyín máa ń jà, tí wọ́n sì ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kórìíra mi, kí ni n ó bẹ̀ ẹ́ sí? Wíwà tí mo wà ló ń rí i lára. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo lè tọrọ àforíjì fún, àfi kí n má sí mọ́. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí wà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń fúyẹ́ lẹ́nu wa

Bí ẹ bá wọ dánfó láti Mile 2 wá sí Okokomaiko, ẹ ó gbọ́ kí ọ̀dọ́ kan sọ pé, "Mo kórìíra gosiló yìí." Òmíràn á ní, "Mo kórìíra ewédú." Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni wọ́n kàn fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní lọ́kàn, hate, jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè wúwo, tó sì lè fúyẹ́ bí ìyẹ́. Òyìnbó lè fi sọ ti ọ̀gbìn tí kò fẹ́ jẹ, kó sì fi ọ̀rọ̀ kan náà sọ ti ìpakúpa. Kórìíra kò fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa á ní "gosiló yìí ti sú mi", wọ́n á ní "èmi àti ewédú kò rẹ́". Ọ̀nà Badagry yìí, tí iṣẹ́ fífẹ̀ rẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ọdún, sú gbogbo wa lóòótọ́. Kò tíì rí wa lára.

Àìgbọ́ra-ẹni-yé tó ń tibẹ̀ wá máa ń dun àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun. Ọmọ tí wọ́n bí sí London lè jágbe mọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun "hate" rẹ̀, torí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ọmọ náà, inú ló ń bí i, á sì ti gbàgbé kó tó di alẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lọ́kàn bó ṣe ń gbọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ ọmọ òun kórìíra òun, pé òun ń rí i lára. Omijé ìyá yẹn kì í ṣe àṣejù. Ìtumọ̀ èdè rẹ̀ ló ń sunkún lé.

Kò tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ní ìwé Jẹ́nẹ́sísì, a kà pé Jákọ́bù fẹ́ràn Rákélì ju Léà lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní a kórìíra Léà. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọkùnrin mẹ́fà àti obìnrin kan, Dínà, ni Léà bí fún Jákọ́bù. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ ń bù nítorí obìnrin kan kò ní bá a bímọ méje. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ lè túmọ̀ sí pé wọn kò fẹ́ràn ẹnìkan tó ẹnìkejì, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sọ ọ́ di hate, ó sì bá wa dé inú kórìíra. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ṣe máa ń na ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ gùn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní àdúgbò wa

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Ojo àti Iba. Bí a bá ń lọ sí apá Badagry, a ó bá àwọn Ẹ̀gùn. Àwọn Igbo pọ̀ ní ọjà Alaba tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìgbàlódé. Àwọn Hausa wà ní Alaba Rago, rago yẹn sì ni àwọn Hausa ń pe àgbò. Fásitì ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ń kó ọmọ gbogbo ẹ̀yà wá sí Ojo. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ lè ṣe, kó máa gbọ́ bí a ṣe ń pe ara wa níbí.

A ní ọ̀rọ̀ fún àlejò. "Kòbòkóbò" ni Yorùbá ń pe ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Ó dà bíi pé ìró ẹnu tí kò yé wa ni wọ́n sín jẹ, bí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe ń pe ẹni tí kò gbọ́ èdè tiwọn ní barbaros. Kò dáa tó, ṣùgbọ́n etí ló wà. Ohun tó ń sọ ni pé èdè rẹ kò yé mi. "Àgànyìn" là ń pe àwọn tó wá láti ìhà Togo àti Ghana, a sì ń tò síwájú ẹlẹ́wà Àgànyìn láàárọ̀ kí á lè ra ẹ̀wà àti ata dúdú rẹ̀. Ẹni tí à ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀, ìríra rẹ̀ kò tíì sí lára wa.

Ibi tó ti ń léwu ni ibi tí èébú bá ti kúrò ní etí tó wá sí ẹnu àti imú. Àwọn Igbo kan máa ń pe Yorùbá ní ofe mmanu, ìyẹn ọlọ́bẹ̀ elépo. Àwọn Yorùbá kan kì í gbẹ́yìn: ẹ̀yà báyìí kì í wẹ̀, ẹ̀yà báyìí ń jẹ ohun tí kò ṣeé jẹ. Láàárín ọ̀rẹ́ tó ń jẹun nínú àwo kan, ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ ọ́ fún ọmọ kékeré tí kò ní ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀, à ń kọ́ ara rẹ̀ láti máa bù ni. Ọmọ yẹn ti ń kó o nìyẹn.

A rí díẹ̀ nínú èso rẹ̀ nígbà ìdìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2023, nígbà tí àwọn ènìyàn ní oríṣiríṣi ibi l'Ékòó ròyìn pé wọ́n wo ojú àwọn, wọ́n bi àwọn ní orúkọ, wọ́n sì lé àwọn kúrò ní ibùdó ìdìbò nítorí ẹ̀yà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí lẹ ṣe. Orúkọ àti ojú ti tó.

Nígbà tí òfin bá gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa

Ní oṣù kọkànlá 2019, Sẹ́nétọ̀ Aliyu Sabi Abdullahi láti ìpínlẹ̀ Niger gbé àbá òfin kan wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà lórí ohun tí àwọn oníròyìn Yorùbá pè ní ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Àbá náà ní kí wọ́n so ẹni tí irú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fa ikú ẹlòmíràn rọ̀. Ariwo ta káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ní àwọn yóò yọ ìdájọ́ ikú kúrò, àbá náà kò sì di òfin. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: bí ó bá ti di òfin, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ni ẹ̀mí ènìyàn ìbá so kọ́. Bí gbogbo èébú bá jẹ́ ìkórìíra, ẹni tó bá sọ pé gómìnà kò ṣiṣẹ́ lè di ọ̀daràn. Àríwísí nìyẹn, kì í ṣe ìkórìíra.

Ewu kejì wà lódìkejì. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ náà tán lórí ìjà olóṣèlú, orúkọ wo ni a ó pe ojúlówó rẹ̀ nígbà tó bá dé? Ní Rwanda, rédíò kan tí wọ́n ń pè ní RTLM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993. Orin ló ń kọ, àwàdà ló ń ṣe, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Láàárín àwàdà ọ̀hún ni wọ́n ti ń pe àwọn Tutsi ní inyenzi, ìyẹn aáyán. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje 1994, wọ́n pa nǹkan bí 800,000 ènìyàn, Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù kejìlá 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá àwọn méjì tó wà lára olùdásílẹ̀ rédíò náà, Ferdinand Nahimana àti Jean-Bosco Barayagwiza, lẹ́bi.

Kí ni ènìyàn ń ṣe sí aáyán? Kì í bínú sí i, kì í bá a yan odì. Ó ń tẹ̀ ẹ́ pa, á sì lọ fọ ẹsẹ̀. Àwọn baba wa tó fi ìríra sínú ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́ nípa Rwanda, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ti tọ́ka sí ọ̀nà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń gbà wá.

Bí ó ṣe yẹ kí á máa lò ó

Fún ẹ̀yin tó ń kọ ìròyìn, ẹ jẹ́ kí a máa pín ọ̀rọ̀ sí ipò rẹ̀. Bí olóṣèlú bá pe ẹnìkejì rẹ̀ ní olè tàbí òpònú, èébú ni. Bí ó bá sọ ohun ìtìjú tí kò ṣeé gbọ́ sétí, ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ni. Bí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ìjọba, àríwísí ni. Bí ó bá ní òun yóò lu ẹnìkan, ìhàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ odidi àwọn ènìyàn kan di ẹranko, ìdọ̀tí tàbí àrùn, kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n ṣe bí kò ṣe nítorí ẹni tí wọ́n jẹ́, ẹ má ṣe fi ẹnu gbá a. Ọ̀rọ̀ ìkórìíra nìyẹn. Ohùn pẹ̀lẹ́ kò yí i padà, ẹ̀rín kò yí i padà. Ẹlòmíràn lè gbóná bí iná kó má kórìíra ẹnikẹ́ni, ẹlòmíràn sì lè sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí tábìlì oúnjẹ.

Fún ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun kórìíra olùkọ́ kan, ẹ bi í pé kí ni olùkọ́ náà ṣe. Bí ó bá rí nǹkan sọ, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó yẹ: "Inú ló ń bí ọ sí i." Ohun tó ní orúkọ tó tọ́ rọrùn láti parí. Bí kò bá sì rí nǹkan kan sọ ju pé "irú wọn ni kò kàn dáa" lọ, ẹ jókòó tì í. Ẹ wádìí ibi tó ti kó o, torí kò bá a wáyé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nínú ilé yín ni.